Bàálù inú gbọ̀ngàn: kí ló dé tí tiwa fi ń kọlu ògiri?

Bàbá Àrẹ̀mọ, Manchester

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ará. Mo mú ìbéèrè kan wá síwájú yín, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan wà níbí tí wọ́n ti pẹ́ nídìí eré bàálù kékeré, pàápàá irú èyí tí wọ́n ń gbé fò nínú ilé.

Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 12, ni ó mú mi wọ inú eré yìí. Láti oṣù Kọkànlá ni òjò àti afẹ́fẹ́ kò ti jẹ́ kí a rí pápá lò, ni a bá lọ bẹ àwọn tó ni gbọ̀ngàn eré ìdárayá kan nítòsí wa, wọ́n sì yọ̀ǹda wákàtí méjì fún wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé. Gbọ̀ngàn náà kò ju pápá bọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì kan lọ, ìyẹn mítà 28 ní gígùn àti mítà 15 ní ìbú. Àjà rẹ̀ ga tó mítà 7, irin gbọọrọ tí wọ́n fi iná kọ́ sì na ara lábẹ́ rẹ̀ láti ògiri dé ògiri.

Bàálù méjì ni a ní. Èkíní ni ti rímóòtù. Fóòmù ni wọ́n fi ṣe é. Apá rẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 11, nígbà tí mo sì gbé e sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná pẹ̀lú bátìrì rẹ̀, gíráàmù 118 ni ó wọ̀n. Ní pápá, kò sí ìjàngbọ̀n kankan lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbọ̀ngàn, bí ó bá ti kúrò nílẹ̀, kí n tó ronú ibi tí n óo yà á sí, ó ti dé ògiri. Bí mo bá sì dín iná rẹ̀ kù kí ó lè rọra máa lọ, imú rẹ̀ á gbé sókè díẹ̀, apá ẹ̀gbẹ́ kan á já lójijì, ó di ilẹ̀. Ní Sátidé tó kọjá ó forí sọ ògiri, abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ ṣẹ́ sí méjì, ojú ọmọ náà sì yí padà débi pé mi ò mọ ohun tí mo lè sọ fún un.

Èkejì kò ní bátìrì, kò sì ní rímóòtù. Igi balsa àti pépà fẹ́lẹ́ ni a fi kàn án fúnra wa, apá rẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 46, ó wọ̀n gíráàmù 9 láìka rọ́bà. Rọ́bà tí a lọ́ ni ó ń yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, rọ́bà náà sì fẹ̀ ní mílímítà 3. Tí a bá jọ̀wọ́ rẹ̀, yóò sáré gòkè, yóò yí sí òsì, òsì yẹn yóò wá máa pọ̀ sí i títí yóò fi dà lé apá òsì wálẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 14 ni ó pẹ́ jù lọ lókè rí.

Ṣé ọwọ́ mi ni kò gbọ́n tó ni, àbí ara àwọn bàálù yìí ni ọ̀rọ̀ wà? Kí ni kí a ṣe kí a tó padà síbẹ̀?

Àgbà Bedford

Bàbá Àrẹ̀mọ, mo kí yín, mo sì kí ọmọ wa pé ó kú ìfarabalẹ̀. Ẹ má ṣe dá ọwọ́ yín lẹ́bi rárá. Bàálù ìta ni ẹ gbé wọnú ilé. Bí ẹ bá fà á lé ẹni tó mọ̀ ọ́n wà jù lọ lọ́wọ́, ògiri kan náà ni yóò fi orí sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi àwọn nọ́ńbà tí ẹ kọ yìí gan-an ṣe àlàyé rẹ̀.

Apá tó gùn ní 60, tó sì fẹ̀ ní 11, àyè rẹ̀ jẹ́ 660. Tí ẹ bá pín gíráàmù 118 sórí rẹ̀, gbogbo àyè tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 ní gígùn àti 10 ní ìbú ń ru gíráàmù 18. Ẹrù tí apá ń rù yìí ni ó ń pinnu bí bàálù gbọ́dọ̀ ti yára tó kí afẹ́fẹ́ tó lè gbé e dúró. Èyí tó ru 18 gbọ́dọ̀ máa sáré tó bíi mítà 6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mítà 15 ni ìbú gbọ̀ngàn yín. Ìṣẹ́jú àáyá méjì àbọ̀ ni yóò fi là á já. Tí ẹ bá tẹ apá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ níwọ̀nba láti yí i po, òbírípo tí yóò fi yí yóò fẹ̀ tó mítà 13 ó kéré tán. Kí ni ó wá kù fún yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri? Ohun tí ẹ sì rí nígbà tí ẹ dín iná kù kò ṣàjèjì: ẹ ní kí ó lọ́ra ju bí ẹrù rẹ̀ ṣe gbà á láyè lọ, afẹ́fẹ́ bá jọ̀wọ́ apá rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí a ṣe bàálù mìíràn lójú inú. Kí apá rẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 70, kí ó fẹ̀ ní 17, kí gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú bátìrì má sì ju gíráàmù 60 lọ. Ẹrù orí apá ti di 5. Kò ní nílò ju mítà 3 àti díẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òbírípo rẹ̀ kò sì ní ju mítà 4 lọ. Nínú gbọ̀ngàn yín kan náà, ọmọ yín lè máa yí i po kọjá níwájú yín, kí ó tún rí àyè fi ṣe àmì nọ́ńbà 8. Tí ẹ bá dín ẹrù orí apá kù sí ìlàjì, òbírípo náà á di ìlàjì. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwa tí a ń ṣe eré yìí nínú ilé kì í fi béèrè lọ́wọ́ ara wa bí bàálù ṣe lágbára tó, àfi iye gíráàmù tó wọ̀n.

Fóòmù pẹlẹbẹ tó nípọn ní mílímítà 3 ni ẹ ó fi ṣe é. Àyè sẹ̀ǹtímítà 10 sí 10 nínú rẹ̀ kò ju bíi gíráàmù kan lọ, nítorí náà apá tí mo sọ yẹn kò ní ju gíráàmù 12. Ẹ má ṣe lẹ fóòmù méjì pọ̀ kí ó lè le. Ọ̀pá kábọ̀n tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ ìhunṣọ ni kí ẹ fi gbé apá ró. Gúlúù náà wúwo ju bí ènìyàn ṣe rò lọ. Mo ti rí bàálù tí gúlúù nìkan fi gíráàmù 6 kún, tí ẹni tó ṣe é kò sì mọ ibi tí ìwúwo náà ti wá. Ẹ fi orí igi ìtayín kán an díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì nu èyí tó bá ṣẹ́ kù kúrò kí ó tó gbẹ. Bátìrì ẹlẹ́yọ kan tí kò ju gíráàmù 5 sí 10 tó fún un. Lithium ni àwọn bátìrì wọ̀nyí, ẹ má ṣe fi wọ́n sí ṣáájì kí ẹ lọ sùn; ẹyọ kan kò gbọ́dọ̀ kọjá fóólítì 4.2, èyí tó bá sì wú lẹ́yìn tó já lulẹ̀, ẹ má tún lò ó mọ́.

Ní ti òfin, àwọn òfin òfuurufú ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí irú bàálù báyìí kò kan èyí tí wọ́n ń gbé fò nínú ilé. Síbẹ̀, àwọn tó ni gbọ̀ngàn sábà máa ń béèrè ìwé ìbánigbófò, ẹni tó bá sì jẹ́ ọmọ BMFA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn oníbàálù kékeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní in. Ohun tó ṣe pàtàkì nínú gbọ̀ngàn ni pé kí gbogbo ènìyàn dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, kí gbogbo bàálù máa yí sí ọ̀nà kan náà, kí ẹ má sì ṣe gbé ti rímóòtù àti ti rọ́bà fò pọ̀ láéláé. Èyí tí a lọ́ kò lè yà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ pín wákàtí méjì yín: ìṣẹ́jú 20 fún èyí, ìṣẹ́jú 20 fún tọ̀hún.

Mo fẹ́ sọ ohun kan tí ojú mi rí. Ilé ńlá kan wà ní Cardington níbí, tí wọ́n kọ́ fún ọkọ̀ òfuurufú ńlá onígáàsì nígbà Ogun Àgbáyé Àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni R101, ọ̀kan nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ń gbé kí ó tó jóná ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù Kẹwàá ọdún 1930. Ó gùn ju mítà 240 lọ, òrùlé rẹ̀ sì ga ju mítà 40. Lẹ́yìn tí àwọn ọkọ̀ ńlá náà kò sí mọ́, àwọn oníbàálù rọ́bà ń lo ibẹ̀, kódà wọ́n ti ṣe ìdíje àgbáyé níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọ̀rẹ́ kan mú mi wọlé lọ́jọ́ kan, ohun àkọ́kọ́ tó sọ fún mi ni pé kí n má rìn kíákíá, kí n má sì mí sí tábìlì tí àwọn bàálù wà. Mo rò pé ó ń sọ àsọdùn ni. Mo wá rí ọ̀kan tó ń bọ̀ lókè, ó lọ́ra ju ẹsẹ̀ ènìyàn lọ, awọ tí wọ́n fi bo apá rẹ̀ fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọ̀ òṣùmàrè ń yọ lára rẹ̀ bíi ti ìfófò ọṣẹ, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ń yí jẹ́jẹ́ tí ènìyàn fi lè ka iye ìgbà tó yí. Ó kọjá lórí mi, mi ò gbọ́ ohùn kankan. Mo di èémí mú láìsí pé ẹnikẹ́ni tún sọ fún mi.

Ní ìdíje F1D, tó ga jù nínú ti rọ́bà inú ilé, apá kò gbọ́dọ̀ gùn ju sẹ̀ǹtímítà 55, bàálù kò gbọ́dọ̀ fúyẹ́ ju gíráàmù 1.4, rọ́bà rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju gíráàmù 0.4. Bébà A4 kan tí à ń fi tẹ̀wé jẹ́ gíráàmù 5. Bàálù àti rọ́bà rẹ̀ papọ̀ kò tó ìdajì bébà kan, ó sì ń pẹ́ lókè ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Mi ò ní kí ẹ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ o. Mo fẹ́ kí ọmọ náà mọ ibi tí ọ̀nà yìí lọ ni.

Ọ̀rọ̀ rọ́bà yín, mo fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ìyá Ìbejì, Houston

Ẹ̀yin bàbá mi, mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ọmọ mi obìnrin kópa nínú ìdíje bàálù onírọ́bà ti Science Olympiad, ìyẹn ìdíje sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ ilé ìwé, nílé ìwé rẹ̀ níbí, àwa méjèèjì la sì ń lo ìrọ̀lẹ́ nínú gbọ̀ngàn básíkẹ́ẹ̀tì fún odidi sáà kan. Mi ò mọ nǹkan kan nípa bàálù tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, òun àti èmi la jọ fi àṣìṣe kọ́ ọ.

Bàbá Àrẹ̀mọ, àìsàn méjì ló ń ṣe bàálù yín, ẹ má sì wo méjèèjì pọ̀ lójú kan. Ẹ kọ́kọ́ fi rọ́bà sí i láìlọ́ ọ, kí ẹ gbé e dé ìwọ̀n èjìká, kí ẹ wá tì í síwájú jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ẹ bá ń gbé ọmọ tó sùn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹ má jù ú. Tí imú rẹ̀ bá ń gòkè tó tún ń wálẹ̀, tó ń ṣe bí ọkọ̀ ojú omi lórí ìgbì, ẹ lẹ amọ̀ ìṣeré bí ẹ̀wà kan mọ́ imú rẹ̀, tàbí kí ẹ rẹ iwájú apá sílẹ̀ díẹ̀. Tó bá ń forí lélẹ̀ tààrà, ẹ ṣe òdìkejì rẹ̀. Ẹ má lọ́ rọ́bà títí yóò fi rọra balẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ewé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ tó kan ọ̀ràn òsì. Abẹ̀bẹ̀ ń yí sí ọ̀tún, nítorí náà ara bàálù fẹ́ yí sí òsì, agbára yìí sì pọ̀ jù ní ìbẹ̀rẹ̀ nígbà tí rọ́bà ṣì le gbagidi. Àwa tí à ń gbé e fò nínú ilé kì í bá a jà. Òsì náà la ń jẹ́ kó yí sí, ṣùgbọ́n a kì í jẹ́ kí apá òsì ṣubú. Ẹ fi ìka tẹ etí ẹ̀yìn apá òsì wálẹ̀ díẹ̀, bíi mílímítà 2, kí apá náà lè máa gbé sókè ju ọ̀tún lọ. Ẹ wo ìrù tó nàró, mo fura pé ẹ ti yí i sí òsì púpọ̀. Ẹ dá a padà kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́. Ìrù tó dùbúlẹ̀ ni kí ẹ fi darí òbírípo: tí ẹ bá gbé ìkángun òsì rẹ̀ ga ju ọ̀tún lọ nígbà tí ẹ bá wò ó láti ẹ̀yìn, bàálù yóò máa yí sí òsì wẹ́rẹ́, bóyá rọ́bà le tàbí ó ti rọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni a fi ń jà pẹ̀lú ìrù tó nàró kí ọmọ mi tó kà nípa èyí tó dùbúlẹ̀. Lọ́jọ́ tí a ṣe é, bàálù náà yí po ní ìgbà mẹ́sàn-án láìkan nǹkan kan, ọmọ náà sì jókòó sílẹ̀ láàárín pápá ó ń wò ó lókè.

Sísáré tó ń sáré gòkè, rọ́bà ló fà á. Rọ́bà tó nípọn ń fi gbogbo agbára rẹ̀ tọrẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wá èyí tó fẹ̀ ní mílímítà 2.4, kí ó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ fi òróró silicone díẹ̀ pa á lára kí ara rẹ̀ má baà máa bó ara rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lọ́ ọ, ẹ yọ ọ́ kúrò lára bàálù. Kí ọmọ di ìkángun kan mú ṣinṣin, kí ẹ̀yin fa èkejì sẹ́yìn títí yóò fi gùn tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí ẹ wá máa lọ́ ọ. Tí ẹ bá ti lọ́ ọ dé ìdajì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń lọ́ ìyókù, kí ẹ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nígbà tí iye rẹ̀ bá pé. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ wọ awò tó bo ojú. Rọ́bà tó já nígbà tí a fà á gùn báyẹn ń nà bí ẹgba, òfin ìdíje tiwọn níbí kò sì gba ọmọ kankan láyè láìní awò lójú. Rọ́bà tí ẹ bá lọ́ kún tán, ẹ tún tú u padà díẹ̀, bí ìgbà 30 sí 50, kí ìsáré ìbẹ̀rẹ̀ yẹn lè kúrò níbẹ̀ kí ó tó gbé bàálù lọ kan irin àjà yín.

Ohun kan wà tó ràn wá lọ́wọ́ ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Ẹ gé rọ́bà kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdámẹ́rin èyí tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ fi igi tín-ín-rín dí àyè tó kù, kí igi náà sì wọ̀n tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin odidi rọ́bà, ìyẹn apá rọ́bà tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Bàálù kò ní mọ ìyàtọ̀ nínú ìwúwo, bí ó ti ń fò náà kò ní yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìdámẹ́rin àkókò ni yóò lò lókè, ìdámẹ́rin gíga náà ni yóò sì gùn. Ẹ ó lè tún un ṣe ní ìgbà ogún ní ìrọ̀lẹ́ kan láìbẹ̀rù àjà. Tó bá fi ìṣẹ́jú àáyá 10 fò, ẹ mọ̀ pé odidi rọ́bà lè fún yín ní 40. Ẹ ní ìwé kékeré kan lọ́wọ́: iye ìgbà tí ẹ lọ́ ọ, iye ìṣẹ́jú àáyá, ohun tí ẹ yí padà. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan.

Bí ó bá ṣì lọ há sórí irin, ẹ má fi bọ́ọ̀lù lù ú o. Bàlúùnù onígáàsì helium tí a so okùn mọ́ ni wọ́n fi ń rọra tì í kúrò. Nínú ìdíje ńlá pàápàá, bàlúùnù bẹ́ẹ̀ tàbí ọ̀pá gígùn ni wọ́n fi ń darí bàálù kúrò lọ́dọ̀ òrùlé.

Olùkọ́ Ìbàdàn

Mo kí gbogbo ilé. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ kún un, nítorí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu kàn án, bẹ́ẹ̀ ni òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí èmi àti àwọn ọmọ kíláàsì mi pa eré yìí tì. Gbọ̀ngàn ilé ìwé wa ni a ń lò, páànù ni òrùlé rẹ̀. Bí ó bá ti ń tó aago mẹ́wàá, oòrùn ti mú páànù gbóná, afẹ́fẹ́ inú ilé á máa gòkè níbì kan, á máa sọ̀kalẹ̀ níbòmíràn. Bàálù tí a kò fọwọ́ kàn láti àná á kàn máa forí lélẹ̀ ní igun kan náà. A tún ìrù rẹ̀ ṣe títí, ó bà jẹ́ sí i. Ọmọbìnrin kan ló gbé èéfín tùràrí wá lọ́jọ́ kan, tí a fi rí i pé èéfín náà ń rìn wálẹ̀ ní igun yẹn gan-an. Láti ìgbà náà ni a ti ń gbé e fò ní aago méje àárọ̀, a ó pa gbogbo fáànù, a ó sì ti fèrèsé ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Bàbá Àrẹ̀mọ, ẹ bi àwọn tó ni gbọ̀ngàn yín léèrè ibi tí ẹ̀rọ amúlémóoru wọn ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ jáde, kí wọ́n bá yín pa á kí ẹ tó dé.

Fún àwọn tó wà nílé tí wọn kò rí igi balsa rà, mo ń lo igi ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ. Ẹ ṣa èyí tó tọ́, ẹ gé ìdí rẹ̀ tó nípọn dànù, kí ẹ gbẹ ẹ́ nínú òjìji. Láílọ́ọ̀nù búrẹ́dì la fi ń bo apá. Ike yúgọ́ọ̀tì ni a ń gé ṣe abẹ̀bẹ̀: ẹ gé e lágẹ̀ẹ́rẹ́ lára ike náà, kí bí ike náà ṣe tẹ̀ lè fún abẹ̀bẹ̀ ní ìlọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó ni a ń so pọ̀, kò dára tó èyí tí Ìyá Ìbejì sọ, nítorí kókó ibi tí a ti so ó wúwo, ó sì ń tètè já, ṣùgbọ́n ó ń gbé e. Òṣùwọ̀n wa, bébà A4 ni. Gíráàmù 5 ni ọ̀kan bí Àgbà ti wí. A pín in sí márùn-ún tó dọ́gba, ìkọ̀ọ̀kan di gíráàmù kan, a so rúlà kọ́ okùn láàárín, bàálù lápá kan, bébà lápá kejì. Ó ya àwọn ọmọ náà lẹ́nu pé bébà tí wọ́n ń fọwọ́ ya dànù lè wọn nǹkan.

Mo sì sọ fún wọn pé eré rọ́bà yìí ṣáájú bàálù gidi. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1871 ni Alphonse Pénaud ará Faransé gbé bàálù kékeré onírọ́bà fò nínú ọgbà Tuileries ní Paris fún ìṣẹ́jú àáyá 11. Ní 1878, bàbá àwọn Wright ra ohun ìṣeré onírọ́bà kan tó ń fò, irú èyí tí Pénaud ṣe, fún Wilbur àti Orville, ọmọ rẹ̀. Àwọn náà ló gbé bàálù tiwọn fò ní 1903. Bàbá Àrẹ̀mọ, ìṣẹ́jú àáyá 14 tí ẹ ń kẹ́dùn lé lórí ti ju ti Pénaud lọ. Ẹ sọ ìyẹn fún ọmọ náà.

Bàbá Àrẹ̀mọ, Manchester

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. A ti padà lọ ní Sátidé méjì, mo sì jẹ́ yín ní ìròyìn.

Olùkọ́, òótọ́ ni ẹ sọ. Ihò afẹ́fẹ́ gbígbóná wà lókè ẹnu ọ̀nà, ìdojúkọ ibi tí bàálù wa ti máa ń dà wálẹ̀ gan-an. Wọ́n pa á fún wa, a wọ kóòtù ṣe eré. Ìyá Ìbejì, ìrù tó nàró ti yí sí òsì ju bó ti yẹ lọ lóòótọ́; èmi ni mo yí i bẹ́ẹ̀. A dá a padà, a gbé ìkángun òsì ìrù tó dùbúlẹ̀ ga ní mílímítà 5, a sì lo ìdámẹ́rin rọ́bà ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 6, ó parí sí 11. Ọmọ náà ló ń kọ ìwé, kò sì jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí mo bá gbìyànjú rẹ̀, á ní kí n dúró. Lọ́sẹ̀ kejì a fi odidi rọ́bà sí i, a tú ìgbà 40 padà nínú rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 43 ni ó lò. Ó dé abẹ́ irin kan, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, ó sì balẹ̀ sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ti rímóòtù, a ti fi èyí tó wọ̀n gíráàmù 118 pamọ́ di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. A ti gé fóòmù tuntun sí ìwọ̀n tí Àgbà fún wa. Gíráàmù 67 ló wọ̀n báyìí, mo sì mọ ibi tí 7 ti wá: gúlúù ni, àti kẹ̀kẹ́ méjì tí ọmọ fẹ́ kí ó ní. Ṣé kí a fi kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀?

Àgbà Bedford

Ẹ yọ kẹ̀kẹ́ kúrò, kí ẹ fi ọ̀pá kábọ̀n kan ṣoṣo tó tẹ̀ bí ìkọ́ sí abẹ́ imú rẹ̀, kí abẹ̀bẹ̀ má baà kan ilẹ̀ bó bá ń balẹ̀. Ọwọ́ ni kí ó ti máa gbéra. Bí ọmọ bá ti lè yí i po ní ìgbà mẹ́wàá láìfi ara kan ògiri, kí ó wá fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà, kí ó sì fojú ara rẹ̀ rí i bí òbírípo náà yóò ṣe fẹ̀ sí i.